Gbogbo aláìsàn wọ́ọ̀dù wa ló ń mí ní 20 ní ìṣẹ́jú kan: ṣé kí n kọ ọ́ sínú project mi, àbí kí n yí topic padà?

Olùbéèrè (ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́ta ni mo jáde. Mo gba RN, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, mo padà lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, mo gba RM, ìwé àṣẹ tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi dríìpù sọ́wọ́ aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá mi lẹ́nu ipò, torí pé wọ́n ní BNSc, dìgírì nọ́ọ̀sì ti yunifásítì, èmi ò ní. Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn. Mo ń ṣe dúútì alẹ́, mo ń kàwé lọ́sàn-án, ọkọ mi ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ní báyìí, project, ìwádìí àṣejáde wa, nìkan ló kù.

Ẹ̀yin náà mọ bí project wa ṣe máa ń rí. "Ìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti ìhà tí wọ́n kọ sí" nǹkan báyìí, ní ilé ìwòsàn báyìí. Ẹ pín fọ́ọ̀mù fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, gbogbo wọn á fàlà sábẹ́ "mo gbà bẹ́ẹ̀ gan-an", ó tán. Mi ò fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi náà ní kí n mú nǹkan tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́. Nǹkan tí ojú mi ń rí ni ṣáàtì, ìwé tí a ń kọ bí ara aláìsàn ṣe ń ṣe sí.

Wọ́ọ̀dù ọkùnrin ni mo wà, ibùsùn 34. Lálẹ́, nọ́ọ̀sì méjì ni wá. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ló yẹ ká máa gba vital signs (BP, pulse, ìgbóná ara àti èémí) àwọn tí ara wọn ò yá dáadáa. BP ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Pulse ń jáde lójú ẹ̀rọ yẹn náà. Tẹmómítà ń bá wa wo ìgbóná ara. Èémí nìkan ni kò lẹ́rọ. Ìwọ ni wàá dúró ti aláìsàn, tí wàá máa wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń ròkè tó ń rodò, fún ìṣẹ́jú kan gbáko, láìjẹ́ kó mọ̀ pé o ń kà á. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí wọ́ọ̀dù bá kún, ìṣẹ́jú 34 fún èémí nìkan, ìyẹn bí o bá lè fò láti ibùsùn kan bọ́ sí èkejì. A ò tíì dárúkọ oògùn aago mẹ́wàá, dríìpù tó ti wọ abẹ́ awọ, bàbá tó fẹ́ tọ̀, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé.

Nítorí náà, 20 là ń kọ. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ọ̀pọ̀ wa tó wà níbí ló ti kọ ọ́ rí, èmi náà ti kọ ọ́. Ẹ ṣí ṣáàtì wọ́ọ̀dù wa: 20, 20, 20, lẹ́yìn náà 22 níbi tí ẹnì kan ti fẹ́ kó jọ òótọ́, ó tún di 20.

Ìgbìmọ̀ ethics ti ìpínlẹ̀, àwọn tó ń wò ó pé ìwádìí ò ní pa aláìsàn lára, fún mi láṣẹ láti yẹ ṣáàtì wò. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ, ni ọkàn mi bá sọ fún mi pé kí n ka èémí àwọn aláìsàn kan fúnra mi, kí n fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Bàbá kan wà, 20 ni wọ́n kọ fún un ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún kọ 20 ní aago mẹ́wàá. Kí aago mọ́kànlá tó lù ni mo kà á. 34 ni.

Ẹnì kan ti lọ sọ fún Matron. Wọ́n pè mí wọ ọ́físì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ṣé èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún rósítà ṣe nítorí ìdánwò rẹ, kí o lè fi ìwé náà tú wa láṣìírí?" Kí ẹ má ṣì mí gbọ́, èèyàn dáadáa ni Matron wa. Ìgbà tí mo bímọ kejì, àwọn ni wọ́n gba dúútì mi ṣe. Wọ́n ní kí n yí topic padà. Olùkọ́ mi ní bí mo bá yí i padà, òun ò ní bínú, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí irú project yìí láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ni. Ọmọkùnrin kan sì wà lágbègbè wa tó ní kí n sanwó, òun á kọ orí márààrún fún mi, òun á tún bá mi "ṣe dátà".

Bí mo bá kọ ọ́, mo di ọ̀dàlẹ̀. Bí mi ò bá kọ ọ́, mo mọ ohun tí mo rí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, yí i padà, gba ìwé ẹ̀rí rẹ, kó o máa lọ. Ta ló máa ka project rẹ gan-an? Wọ́n á dì í, wọ́n á kó o sórí pẹpẹ láìbùrárì, ekuru á bò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yọ ojú ewé kan nínú rẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí Council, àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti di pé nọ́ọ̀sì kọ irọ́ sí ìwé aláìsàn nìyẹn. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí à ń sọ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, tí à ń sanwó MCPDP, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó di dandan fún wa, lé lórí, ọjọ́ kan ni wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ ẹni. Wọn ò ní béèrè pé nọ́ọ̀sì mélòó ló wà lórí dúútì o. Orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ṣáàtì ni wọ́n á wò.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì

Fóònù ìyàwó mi ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú, mi ò sí nínú iṣẹ́ yín. Bàbá mi sùn sílé ìwòsàn lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní òru, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti kú. Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n, mi ò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ka ohun tí ẹ kọ yìí ni mo ti ń ronú nípa ṣáàtì wọn. Ẹ kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Adúláwọ̀ ní Leicester

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí Ọlọ́run tu yín nínú.

Olùbéèrè, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọ̀dọ̀ yín nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀: níbí, 16 tàbí 18 ni tiwa. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní NEWS (National Early Warning Score), tó ń fi máàkì kìlọ̀ pé ara aláìsàn ń burú sí i, tí wọ́n gbé jáde ní 2012, tí wọ́n tún un ṣe ní 2017. Nọ́mbà kọ̀ọ̀kan tí o bá kọ ló ní máàkì. Bí èémí bá wà láàárín 12 sí 20, òdo ni. 21 sí 24, máàkì méjì. Bó bá di 25 sókè, mẹ́ta, mẹ́ta lójú kan ṣoṣo yẹn sì ti tó láti pe dókítà kó wá wò ó kíákíá. Bàbá yín tó ń mí ní 34 yẹn, ìwé nìkan ì bá ti pariwo.

Ẹ wá wo 20 tí à ń kọ yẹn dáadáa. Òun gan-an ló kẹ́yìn nínú ibi tí máàkì ti jẹ́ òdo. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, ọwọ́ wa kàn mọ ibi tí kò ti ní sí wàhálà. Èémí sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń yí padà bí ara bá fẹ́ dẹnu kọlẹ̀, nígbà mìíràn kí BP tó mọ̀ rárá.

Mo Wà Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu yín. Ẹ fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn 34, ẹ wá ń kọ́ wa ní máàkì láti òkè òkun. Ẹ̀yin lẹ sá tí Council fi ní kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó lè bá wọn fi ìwé ránṣẹ́ sókè òkun ní 2024.

Adúláwọ̀ ní Leicester

Ọdún méje ni mo lò nílé kí n tó lọ, ọ̀kan nínú wọn láìgba owó oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mo gbà, ẹ bínú.

Àbúrò Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ọmọ ND (National Diploma) ni mí o, ètò tuntun ni tiwa, a ò sí nínú àwọn tó ń gba RN lọ́dún mẹ́ta mọ́. Ní kíláàsì, wọ́n ní ká ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní wọ́ọ̀dù, ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, sister ní, "Àbúrò, ó ń mí, àbí kò mí? Kọ 20." Mo rò pé àwàdà ni.

Olùkọ́ tó ń kọ́ ìwádìí

Mo fẹ́ béèrè ohun méjì kí n tó sọ ohunkóhun.

Àkọ́kọ́: bàbá tó ń mí ní 34 yẹn, kí lo ṣe ní òru ọjọ́ náà? Ìkejì: o ní àṣẹ tí o gbà jẹ́ ti yíyẹ ṣáàtì wò. Ta ló fún ọ láṣẹ láti ka èémí fún ìwádìí?

Olùbéèrè

Ẹ ṣé, sà. Mo gbé orí ibùsùn wọn sókè, mo fi ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há ìka wọn, ó ka 86. Wọ́ọ̀dù wa ò ní ọ́síjìn lọ́jọ́ yẹn, mo sáré lọ yá sílíńdà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, mo pe dókítà tó wà lórí dúútì. Òtútù àyà ni. Wọ́n lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá.

Ìbéèrè kejì, sà, mi ò rò ó dé ibẹ̀. Mo rò pé torí pé nọ́ọ̀sì wọn ni mí, mo lè ka èémí wọn nígbàkígbà.

Olùkọ́ tó ń kọ́ ìwádìí

O ṣe dáadáa fún bàbá náà. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí mo ti rí ẹni tó rí nǹkan tó léwu, tó kọ ọ́ sínú ìwé dátà, tó sì lọ sùn.

O lè ka èémí wọn nígbàkígbà gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Ìgbà tí o bá gbé nọ́mbà yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí o gbé e sínú tábìlì project, ó ti di ìwádìí, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ mọ̀, kó gbà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sọ ọ́, ìlànà ethics tí wọ́n gbé jáde ní 2007 ti sọ ọ́ ṣáájú. Nítorí náà, yọ gbogbo èyí tí o ti kà kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀, títí kan 34 yẹn. Padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ní o fẹ́ ṣàtúnṣe sí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Fọ́ọ̀mù wà fún un. Bí wọ́n bá gbà, bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù ni orúkọ. O máa sọ pé o ti pa orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́. Ṣùgbọ́n méjì péré ni yín lálẹ́. Bí o bá kọ "alẹ́ ọjọ́ kejìlá", o ti dárúkọ wọn nìyẹn. Má kọ ọjọ́, má kọ dúútì tó bá jẹ́ ti ẹyọ kan. Da ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà pọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, fi wọ́ọ̀dù méjì mìíràn kún un, kó má bàa jẹ́ wọ́ọ̀dù Matron kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé.

Fọ́ọ̀mù ìbéèrè kò lè rí nǹkan yìí láé, o tọ̀nà níbẹ̀. Bí o bá bi èèyàn bóyá ó ń kà á fún ìṣẹ́jú kan, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá sì dúró ti í, á kà á lóòótọ́, títí wàá fi lọ. Ṣáàtì àtẹ̀yìnwá ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ bá ọ "ṣe dátà": ìwọ tó ń wádìí nọ́mbà tí wọ́n hùmọ̀, o wá fẹ́ fi nọ́mbà tí wọ́n hùmọ̀ wádìí rẹ̀?

Àbúrò Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹ̀ẹ́ẹ̀! Prof ti parí ọ̀rọ̀.

Màmá Àgbà (mo ti fẹ̀yìntì)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ojú mi ò gba fóònù mọ́.

UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo wọlé ní 1973. Àwọn sister tó kọ́ wa, lára wọn ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ìyáàfin Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Matron níbẹ̀, ní 1964. Ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas', ní London, ni Ìyáàfin Pratt ti kàwé. Nítorí náà, gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń fi Florence Nightingale, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, halẹ̀ mọ́ wa: bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́jú, fìlà funfun, èékánná. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí obìnrin náà ṣe gan-an. Ó ka òkú. Ó dé ilé ìwòsàn ológun ní Scutari, ní Turkey, ní 1854, àwọn ọmọ ogun ń kú, gbogbo ayé rò pé ọgbẹ́ ogun ni. Ó kó nọ́mbà jọ, ó rí i pé àìsàn tó ṣeé dènà ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó ya á sórí ìwé bí òdòdó ní 1858, ó gbé e síwájú ìjọba. Àwọn ọ̀gá ológun ò yìn ín fún un o. Ẹnikẹ́ni ò sọ apá ibẹ̀ fún wa ní kíláàsì, fìlà ni wọ́n ń sọ.

Ọmọ mi, ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé èémí nìkan lo kà. O ò ka nọ́ọ̀sì. Kọ iye ẹni tó wà lórí dúútì síwájú gbogbo ṣáàtì tí o bá wò, àti iye aláìsàn. Bí 20 bá pọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì jẹ́ méjì, tó sì dín kù nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin, Matron rẹ kọ́ ni ìwé rẹ ń bá wí mọ́. Bí kò bá sì dín kù, a jẹ́ pé iṣẹ́ wà fún àwa náà láti ṣe, kò yẹ ká bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025 tí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀, gbígba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ sí i wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Irú nọ́mbà rẹ yìí ni ì bá wù mí kí wọ́n gbé lọ sórí tábìlì.

Má sì bá Matron jà nípa ìwé. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò. Lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́ òfo, má mú fáìlì dání. Ní kí wọ́n bá ọ ka èémí yípo wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan. Ó ti tó ìgbà tí wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì

Màmá, ẹ ṣé. Mo ṣì ń bẹ̀rù fún un o. Ṣùgbọ́n ti kíka nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò rò ó.

Olùbéèrè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ní kí n padà wá sọ ibi tí a bá a dé.

Mo yọ gbogbo ohun tí mo ti kà kúrò, ó dùn mí. Olùkọ́ mi ti bá mi tún àkọlé kọ. Kò sí "àṣìṣe" nínú rẹ̀ mọ́, kò sí "irọ́". Bí àkọsílẹ̀ èémí ṣe rí sí iye nọ́ọ̀sì tó wà lórí dúútì, ní wọ́ọ̀dù mẹ́ta, ni ó ń jẹ́ báyìí.

Mo lọ bá Matron lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́wọ́ òfo bí Màmá ṣe wí. Wọn ò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n mú àga kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àkọ́kọ́, wọ́n yọ aago ọwọ́ wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, Matron mọ èémí kà. Wọ́n á di ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń wo pulse, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, ojú wọn á wà ní àyà rẹ̀. A ka ẹni mẹ́jọ. A wà lórí ẹnì kẹsàn-án ni wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé láti ibi ìjàǹbá ọ̀kadà, fóònù ọ́físì ń dún, màmá kan ń pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun ti tán nínú àpò. Matron fi àga sílẹ̀ níbẹ̀. A ò padà sí ibùsùn kẹsàn-án lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí a parí ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n pè mí sí ọ́físì, wọn ò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó rósítà àtijọ́ jáde, àwọn tí eku ti jẹ etí wọn. Wọ́n ṣí ọ̀kan láti 2011: nọ́ọ̀sì márùn-ún lálẹ́, wọ́ọ̀dù yìí kan náà, ibùsùn kan náà. Wọ́n ń fi ìka tọ orúkọ wọn. "Èyí wà ní Saudi. Èyí wà ní Canada. Èyí fẹ̀yìntì, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Èyí kú." Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kọ ọ́, kí n kọ èyí náà, àwọn sì fẹ́ kà á kí n tó gbé e lọ. Olùkọ́ mi ní wọ́n lè kà á, wọ́n sì lè kọ èrò tiwọn sí i, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ yí nọ́mbà kankan padà. Mo ti sọ ìyẹn fún wọn. Wọ́n kàn wò mí, wọn ò fèsì. Mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n gbà.

Fọ́ọ̀mù àtúnṣe ti wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ọmọkùnrin tó fẹ́ bá mi ṣe dátà ti fi nọ́mbà account rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti dí i pa. Dúútì alẹ́ ni mo ń lọ báyìí, àwa méjì ni, aláìsàn 31.